Kí mẹkáníìkì kọ iṣẹ́ tó ṣe sílẹ̀, kó sì dá ẹ̀yà àlòkù padà

Ọ̀nà tó jáde ní Àkúrẹ́ kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀ kékeré. Ẹ gba ìhà Ìdànrè, òkè lẹ ó máa bá pàdé. Ẹ kọjá Oǹdó sí ìhà Òkè-Igbó àti Ilé-Olújì níbi tí oko kòkó wà, ilẹ̀ pupa tí òjò ti sọ di ẹrẹ̀ ni. Ìyẹn ló sọ Hilux, Prado àti 4Runner tòkunbọ̀ di irinṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ wọn kọjá fáàrí. Ìjọba ń lò wọ́n, agbaṣẹ́ṣe ń lò wọ́n, àwọn tó ń ra kòkó lóko ń lò wọ́n. Bí wọ́n bá sì yọnu, ọ̀pọ̀ wọn kì í dé ilé-iṣẹ́ tó tà wọ́n. Abẹ́ páànù mẹkáníìkì àdúgbò ni wọ́n ń gbé wọn lọ.

Ẹ̀sùn tí wọ́n ń kà sí mẹkáníìkì lẹ́sẹ̀ kò lóǹkà. Ó pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Ó gba owó tuntun, ó fi àlòkù sí i. Ó tún ọ̀kan ṣe, ó ba méjì jẹ́. Nítorí èyí làwọn kan ṣe ń sọ pé kí ìjọba kó gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńlá, kó sì lé àwọn tó kù kúrò nígboro. A ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá ta ará ilé ẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́, ọkọ̀ tó bá sì kú sínú igbó Òkè-Igbó lálẹ́, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ni yóò wá fà á jáde. Ohun tí a fẹ́ kò ju méjì lọ: kí iṣẹ́ kankan má ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìsí ìwé iṣẹ́ tí mẹkáníìkì fọwọ́ sí, kí gbogbo ẹ̀yà tí wọ́n bá yọ sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, nínú àpò kan náà tí wọ́n fi ra tuntun wá.

Ẹ wo ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 3.0 D-4D, tí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ sí 1KD, tó wà nínú Hilux àti Prado àtijọ́. Lábẹ́ injector kọ̀ọ̀kan (ohun tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà), wáṣà bàbà kékeré kan wà tó ń dí ojú ihò, kí iná inú sílíńdà má baà gba ibẹ̀ sá jáde. Bí wáṣà yìí bá rẹ̀, èéfín gbígbóná á máa sá bọ́ sábẹ́ ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, á sì pò mọ́ ọ́ìlì. Ọ́ìlì á ki. Èédú á máa ṣàn lọ sísàlẹ̀ sọ́ọ̀mpù, àwo tí ọ́ìlì ń dúró sí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí asẹ́ kan wà lẹ́nu páìpù tí pọ́ọ̀ǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Asẹ́ ọ̀hún á dí díẹ̀díẹ̀. Iná ọ́ìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lè má tètè tàn, nígbà tó bá sì fi máa tàn, bíárìn ti ń jẹ kiránkì. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ kò ní dúró de iná. Bó bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ láàárọ̀ kùtù, tó sì rí i pé ọ́ìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ti dúdú bí ọ̀dà, á yọ injector mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á fi wáṣà tuntun sí i (èyí tí wọ́n bá ti yọ kì í padà, nítorí ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ), á tú sọ́ọ̀mpù, á sì fọ asẹ́.

Iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan nìyẹn. Ta ló wá mọ̀ pé wọ́n ṣe é? Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ náà lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí tí wọ́n yí mẹkáníìkì padà, kò sí ohun tó máa sọ fún ẹlòmíì bóyá wáṣà náà jẹ́ ti oṣù mẹ́fà tàbí ti ọdún mẹ́wàá. Ìwé kan ṣoṣo tí ọjọ́ àti nọ́ńbà kìlómítà wà lórí rẹ̀ ì bá ti sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni timing belt, bẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kí fáàfù ṣí, kó sì dí lásìkò tó bá ti písítìnì mu. Ẹ́ńjìnnì 1KD àti 2KD (dísẹ́ẹ̀lì 2.5) ń lo bẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pààrọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 150,000. Iná kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń tàn tí àsìkò bá tó. Ẹni tí kò fẹ́ náwó lè ní kí wọ́n pa iná yẹn, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa á láìfọwọ́ kan bẹ́ẹ̀tì rárá. Ọjọ́ tó bá já lórí eré, fáàfù á pàdé písítìnì, ọ̀rọ̀ owó kékeré ti parí nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 2.7 tó wà nínú ọ̀pọ̀ Hilux ní tirẹ̀ kò ní bẹ́ẹ̀tì yìí, ṣéènì ló ní. Mẹkáníìkì tó bá gba owó timing belt lórí 2.7, kó wá fi bẹ́ẹ̀tì náà hàn wá.

Ọ́ìlì lásán, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 3.0 D-4D ń gba bíi líítà 7 tí wọ́n bá pààrọ̀ fíltà, 2.7 sì ń gba díẹ̀ sí i ju líítà 5 àbọ̀ lọ. Kéègì líítà 4 ló wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Bí wọ́n bá ní kẹ́ẹ ra kéègì kan péré fún Hilux dísẹ́ẹ̀lì, ẹ béèrè pé níbo ni líítà 3 yòókù yóò ti wá. Ìdáhùn rẹ̀ máa ń jẹ́ pé inú ọ́ìlì àtijọ́ tí wọn ò fà tán ni, tàbí inú kéègì ẹlòmíì.

Thermostat ló ń bí wa nínú jù. Ohun kékeré yìí kì í ṣí títí omi inú ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé bíi ìwọ̀n 82 lórí Celsius, ìgbà yẹn ló máa jẹ́ kó kọjá sí rèdíétọ̀. Ọkọ̀ á gbóná lẹ́ẹ̀kan, mẹkáníìkì á yọ thermostat sọnù, á ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò ẹ̀. Gbígbóná á dín kù fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́, oníbàárà á dúpẹ́. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kò ní gbóná dé ibi tó yẹ mọ́. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa rò pé òwúrọ̀ kùtù ṣì ni, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Epo tí kò jó tán á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Ohun tó fa gbígbóná gan-an ṣì wà níbẹ̀: bóyá ìpẹtà tí omi kànga dá sílẹ̀ ló dí rèdíétọ̀, bóyá ìdérí rèdíétọ̀ kò lè di afẹ́fẹ́ mú mọ́, bóyá fan clutch, ohun tó ń mú fáànù rèdíétọ̀ yí, ló ti kú. Ti fan clutch kò ṣòro láti wò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná, ẹ fi ọwọ́ ta fáànù: bó bá ń yí lọ bíi kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìjánu, ọ́ìlì silicone inú rẹ̀ ti jò tán. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹni tí òfin bá ní kó kọ “mo yọ thermostat” sílẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú, á kọ́kọ́ fọwọ́ ta fáànù ná.

Bíréèkì kò ṣeé fi ṣeré, ó sì ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Lókè ásù ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ Hilux, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ fáàfù kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wo bí ẹrù ṣe tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó. Ẹrù pọ̀, á jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn gbà dáadáa. Ẹrù kò sí, á dín in kù kí táyà ẹ̀yìn má baà yọ̀. Àwọn tó ń kó kòkó máa ń ní kí wọ́n fi ewé irin kún síríǹgì kí ẹ̀yìn ọkọ̀ má baà wálẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn á ga, fáàfù á sì gbà pé ọkọ̀ ṣófo. Àpò kòkó 15, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi kílò 64, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan. Ọkọ̀ tó ru ìyẹn sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Ìdànrè pẹ̀lú fáàfù tó rò pé ẹrù kò sí, bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídá a dúró, yóò sì gbóná títí dé ibi tí pẹ́dà á fi máa wọlé láìdá ọkọ̀ dúró. Ẹni tó bá fi ewé kún síríǹgì gbọ́dọ̀ tún ọ̀pá yẹn tò. Ẹni tó bá fi ọ́ìlì mìíràn rọ́pò ọ́ìlì bíréèkì DOT 3, kò yẹ kó fọwọ́ kan bíréèkì ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí rọ́bà inú sílíńdà á wú, á sì di gbọingbọin.

Ẹ má rò pé mẹkáníìkì nìkan là ń bá wí. Ọ̀rọ̀ “mánéèjì ẹ” tí oníbàárà ń sọ ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ju àìmọ̀ṣẹ́ lọ. Ẹni tó ra jíìpù olówó ńlá ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fẹ́ fíltà kó tún padà sí i. Dísẹ́ẹ̀lì inú jálá ló ń rà, kò sì fìgbà kan tú omi kúrò nísàlẹ̀ fíltà dísẹ́ẹ̀lì. Ìdè kan wà lábẹ́ fíltà yẹn. Ẹ gbé ike sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú u díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ pọ́ọ̀ǹpù orí rẹ̀: omi ló kọ́kọ́ ń jáde, lẹ́yìn náà dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́. Ẹ dì í padà. Omi tí ẹ kò bá tú jáde yóò dé pọ́ọ̀ǹpù àti injector, dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló sì ń fún wọn ní ìyọ̀. Injector kan ti tó gba owó oṣù òṣìṣẹ́ kan.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ rẹwáyà, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, báyìí, ó sì dára. Àmọ́ kóòdù kì í dárúkọ ẹ̀yà tó bàjẹ́. Kóòdù P0171 kàn ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ sí epo ni. Ó lè jẹ́ rọ́bà tó ya lẹ́yìn fíltà afẹ́fẹ́, ó lè jẹ́ pọ́ọ̀ǹpù epo tó ti rẹ̀, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí lára ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá sáré lọ ra oxygen sensor nítorí rẹ̀, owó oníbàárà ló fi ń tafà sókùnkùn. Kí kóòdù tí wọ́n rí wà nínú ìwé iṣẹ́, ṣáájú àtúnṣe àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àlòkù kò pẹ́: kí gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ní àgbá kan tí wọn yóò máa dà á sí, kó má baà ṣàn lọ sínú Odò Àlà.

Òfin kò ṣófo pátápátá. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún ẹni tó sanwó iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí iṣẹ́ tó dáa gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í rìn láìsí ẹ̀rí, ẹ̀rí ni mẹkáníìkì wa kì í fúnni. Níbòmíràn, wọ́n ti gbà pé mẹkáníìkì òmìnira ní ààyè tirẹ̀. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2012 pa á láṣẹ fún àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ pé kí wọ́n ta ìsọfúnni àtúnṣe fún ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe tiwọn. Ní South Africa, ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021 jẹ́ kí onímọ́tò lè gbé ọkọ̀ tuntun lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wù ú láìpàdánù wáráńtì. Ẹni tó bá fẹ́ irú ààyè bẹ́ẹ̀ níbí gbọ́dọ̀ lè fi ìwé hàn pé ohun tó ní òun ṣe ló ṣe lóòótọ́.

NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì Nàìjíríà, lè tẹ ìwé iṣẹ́ yìí láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ojú ìwé kan tó: nọ́ńbà ọkọ̀, kìlómítà, ohun tí oníbàárà rojọ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, ẹ̀yà tí wọ́n fi sí i àti bóyá tuntun ni tàbí Bẹ́líjíọ̀m (àlòkù tó ti òkè òkun wá), irú ọ́ìlì àti iye líítà, iye owó, ìbuwọ́lùwé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹ̀yà Bẹ́líjíọ̀m, ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kéèyàn pè é ní tuntun. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó mọ̀wé díẹ̀ lè kọ ọ́, ní Yorùbá bó bá wù ú. A mọ̀ pé àwọn kan á ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n ráyè, àmọ́ àwọn kan náà ń ráyè kọ gbèsè oníbàárà sára ògiri.

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà ní Àkúrẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá mú owó àtúnṣe Hilux wá gbà, kí akápò kọ́kọ́ béèrè ìwé iṣẹ́ àti àpò ẹ̀yà àlòkù. Bí àpò bá ṣófo, kó dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú owó rẹ̀ tí wọn ò tíì san.