Òrùka inú yukalípítọ́ọ̀sì kì í ṣe kàlẹ́ńdà

Ẹ̀yin ará Èkìtì, mo rí àwòrán kùkùté yukalípítọ́ọ̀sì tí ẹ ń pín kiri, tí wọ́n kọ sí i pé òrùka kan, ìyẹn ìlà roboto tó hàn lójú igi tí wọ́n gé, ọdún kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún igi yìí.

Ọdún kọ́ ló ń fa òrùka, ìdádúró ni. Abẹ́ èèpo ni igi ti ń sanra. Bí omi bá tán nílẹ̀, ìsanra náà á falẹ̀, ìlà á sì hàn níbẹ̀. Tíìkì máa ń wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn, á dúró gbọnin, ìdí nìyẹn tí òrùka tirẹ̀ fi ń hàn ketekete. Bóyá ara tíìkì ni ẹni tó kọ ọ́ ti rí i.

Yukalípítọ́ọ̀sì kì í wọ́wé tán. Nígbàkígbà tó bá ti rí omi, ó ń dàgbà nìyẹn. Ọ̀dá kékeré oṣù Kẹjọ tiwa níbí lè fa ìlà kan, ẹ̀ẹ̀rùn á tún fa òmíràn: ọdún kan, ìlà méjì. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ojú ò ní rí ìlà kankan.

Ẹ wá kùkùté èyí tí ẹ mọ ọdún tí wọ́n gbìn ín, ẹ fá ojú rẹ̀ kó dán, ẹ bu omi sí i, kí ẹ wá ka ìlà rẹ̀, bóyá yóò bá iye ọdún rẹ̀ mu. Bí igi bá ṣì dúró, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n yíká lóṣooṣù, ní ọ̀gangan àyà, ojú kan náà, kí ẹ lè rí ìgbà tó ń sanra àti ìgbà tó falẹ̀.