Omi Ò Mọ Sákúlà Kà

Gbogbo ẹni tó lọ́mọ nílé ìwé l'Ákúrẹ́ ló ti rí sákúlà yẹn báyìí, ìwé òfin tí àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí fún ilé ìwé, torí kò sí gúrúùpù òbí kankan lórí WhatsApp tí wọn ò tíì jù ú sí, ibòmíì tiẹ̀ wà tí wọ́n ti jù ú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ilé ìwé kankan ò gbọdọ̀ gun òkè mọ́, kò gbọdọ̀ dé ibi tí omi ti ń já látorí òkè, tíṣà tó bá sì kó wọn lọ á fojú winá. Ó tán. Ojú ìwé kan péré, àmì ọ́fíìsì lókè, ìbuwọ́lù nísàlẹ̀, a kà á lọ kà á bọ̀, a ò rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ òjò nínú ẹ̀.

A ò ní tún ìtàn náà rò látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ti gbọ́ bí àwọn tíṣà ṣe kó àwọn ọmọ ilé ìwé gun òkè lọ síbi tí omi ti ń já, tí omi ya bá wọn lójijì níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti délé, ẹsẹ̀ èyí tó fẹsẹ̀ rọ́ ti ń san, a bá àwọn òbí wọn dúpẹ́. Àmọ́ nígbà tí àyà ti balẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Kì í ṣe òkè gígùn ló kó àwọn ọmọ yẹn sí wàhálà. Wọ́n gun òkè, wọ́n débẹ̀ láyọ̀, wọ́n ti ń ya fọ́tò. Omi ló ká wọn mọ́, omi yẹn ò sì ti ibi tí wọ́n dúró sí bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà jíjìn lókè lọ́hùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí òjò ti ń rọ̀ kí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ tó mọ̀ pé òjò wà, oòrùn ṣì ń ràn lórí wọn.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn, a ti sọ ọ́ títí ó ti fẹ́ máa sú àwa fúnra wa. Ẹ fi ẹnì kan sókè. Ẹnì kan péré, ọmọ àdúgbò tó mọ òkè náà bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá ẹ̀, ẹ fún un ní fèrè bíi ti rẹfirí, kó máa wo ojú sánmà, kó máa wo ojú omi. Tí omi bá ti ń pọ́n, tí ewé àti ẹ̀ká igi bá ti ń bá a bọ̀, tí ariwo ẹ̀ bá ti yí padà, kó fọn fèrè. Ẹni tí ẹ bá fi sí ìpele tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ á gbọ́, òun náà á fọn tiẹ̀, títí tó fi máa dé géètì. Ariwo omi lè bo ohùn èèyàn mọ́lẹ̀, fèrè máa ń là á já. Kò gba nẹ́tíwọ̀kì, kò gba iná, kò gba jẹnẹrétọ̀, kò gba kí wọ́n gbé kọ́ńtíráàtì fún ẹnikẹ́ni, bóyá ìdí tí wọn ò fi rí i ṣe náà nìyẹn.

Ẹ wo Ọlúmirìn, omi tó ń já látorí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé l'Ákúrẹ́ máa ń kó ọmọ lọ. Ẹ kọjá Ìgbàrá-Òkè, ẹ kọjá Ọ̀wẹnà, ẹ tẹ̀ síwájú lọ́nà Iléṣà, ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀. Ìpele méje ni omi yẹn. Ti ìsàlẹ̀ rọrùn, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn sí i, ìyá àgbà á rọra gùn ún, á dé ibi tí omi ti ń fọ́n sí i lójú, á rẹ́rìn-ín, á sọ̀ kalẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sókè lọ̀rọ̀ ti ń yí padà, igbó á dì, gbòǹgbò igi ló máa di àtẹ̀gùn, ọwọ́ lèèyàn máa ń fi gùn ju ẹsẹ̀ lọ. Tó o bá wá gùn ún dé òkè pátápátá, abúlé Abákẹ́ lo máa bá níbẹ̀, ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè sì nìyẹn, o ti kúrò l'Ọ́ṣun nìyẹn, o ti wọ Èkìtì láìmọ̀. (Ìtàn ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Akínlà ló kọ́kọ́ rí omi náà, àwa ò sì tíì gbọ́ pé ó gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì kankan kó tó lọ.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn gbọ́. Òjò Èkìtì ló ń kún omi Ọ̀ṣun, ọmọ Oǹdó ló sì dúró sínú ẹ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta lórí òkè kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tó ń pe ẹnì kejì lórí fóònù. Tí òjò bá dà l'Ẹ́fọ̀n báyìí, ta ló ń sọ fún ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀? Òkúta ni òkè yẹn, òkúta kì í mu omi bí ilẹ̀ oko ṣe ń mu ún, ohun tó bá rọ̀ sórí ẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń sáré bọ̀. Tánkì dúdú oní 1,000 lítà tó wà lẹ́yìn ilé yín, omi inú ẹ̀ nìkan wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, ẹ wá fojú inú wò ó pé ó ń ya bọ̀ láàárín òkúta, òmíì ń tẹ̀ lé e, òmíì ń tẹ̀ lé ìyẹn. Omi tí kò tíì dé orúnkún tó bá ń sáré bẹ́ẹ̀, ó máa gbé géńdé ọkùnrin lẹ́sẹ̀. Ìdí tí a fi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fèrè bá fún ọmọ láti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó gun orí ilẹ̀ gíga, kó má bá omi sáré lọ sísàlẹ̀, ó ju ẹgbẹ̀rún sákúlà lọ nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwa tó ń kọ ojú ìwé yìí gun ún nínú oṣù Kejì, nígbà tí omi ti fà. Ó ní lẹ́yìn ìpele kejì, gbòǹgbò kan wà tí gbogbo èèyàn máa ń dì mú, ọwọ́ ti fá a títí ó fi ń dán bí apá àga àtijọ́. Ọmọbìnrin kan wà níwájú ẹ̀ tó wọ sílípáàsì wá, nígbà tó rí i pé ó ń yọ̀ jù, ó bọ́ ọ, ó tì í bọ ọwọ́ méjèèjì, ó ń fi sílípáàsì rá lórí òkúta bí ẹní ń fọ aṣọ. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni màmá kan ti sọ̀ kalẹ̀ wá látòkè, basíà ńlá lórí ẹ̀, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, kò di nǹkan kan mú, ó ní kí wọ́n yà fún òun. Akọ̀wé wa kí i pé ẹ kú ẹrù o mà, ó bi í pé màmá, ṣé omi ò kí ń dẹ́rù bà yín. Màmá ní òun kì í wo omi rárá, òkè lòun máa ń wò. Ó fi ẹnu nà án sí apá Ẹ̀fọ̀n, ó bá tiẹ̀ lọ. Màmá yẹn ò gbé inú ọ́fíìsì rí, kò ní fáìlì, ohun tí a sì ti fi inki tó pọ̀ kọ lójú ìwé yìí, ẹnu lásán ló fi sọ ọ́ tán.

A ò ní ṣe bí ẹni pé àwọn tíṣà ò jẹ̀bi. Wọ́n jẹ̀bi. Wọ́n kó ọmọ rẹpẹtẹ lọ láìsí àgbàlagbà tó tó, wọ́n kó wọn lọ láàárín ìgbà òjò, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn ún, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni òjò tiwa sábà máa ń ṣú. A tún gbọ́ àwọn òbí tó ń sọ pé sákúlà yẹn dáa bẹ́ẹ̀, pé ọmọ ò ṣeé fi ta tẹ́tẹ́. Òótọ́ ni, àwa náà bímọ. Àmọ́ ẹ lọ dúró sí gáréèjì lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wo àwọn ọmọ SS3 tó ti parí ìdánwò, bí wọ́n ṣe ń dáwó jọ láti háyà bọ́ọ̀sì, kò sí tíṣà, kò sí òbí, kò sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn yẹn ò gba sákúlà. Ọmọ tí tíṣà ń dì lọ́wọ́ mú nìkan ni òfin yìí dá dúró, èyí tó ń dá lọ, ó ṣì ń dá lọ.

Ó tún wá burú sí i, torí òkè ni wọ́n kọ sínú sákúlà náà, kì í ṣe omi nìkan. Ìyẹn ni pé Òkè Ìdànrè náà ti wọ̀ ọ́! Ìdànrè tó wà nínú ìpínlẹ̀ wa, tí àtẹ̀gùn ẹ̀ lé ní 600, tó ní ibi ìsinmi lójú ọ̀nà, tí orúkọ ẹ̀ ti wà lórí àkọsílẹ̀ tí UNESCO fi ń wo àwọn ibi tó lè di ogún àgbáyé láti ọdún 2007. Àwọn baba wọn gbé orí òkè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ààfin wà níbẹ̀, kóòtù wà níbẹ̀, ilé ìwé wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ń sáré lórí òkúta bí ewúrẹ́. Ní báyìí, ọmọ Àkúrẹ́ á máa ya àwòrán Ìdànrè nínú ìwé Social Studies, kò sì ní dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ti òkè òkun wá á gùn ún, wọ́n á ya fídíò, ọmọ wa á wá máa wò ó lórí TikTok.

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, a fẹ́ bi yín, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ náà ni o. Ìgbà wo lẹ gun òkè kẹ́yìn? Ṣé ẹ pe ẹnì kan ṣoṣo ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kẹ́ ẹ tó kọ ọ́? Ṣé ẹ pe Ẹ̀fọ̀n? FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, wà nínú ìlú yìí pẹ̀lú yín, ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ò ju ojú ọjọ́ lọ, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ṣé ẹ lọ? NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, ń sọ lójoojúmọ́ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, ọ̀fẹ́ ni, ó wà lórí fóònù, ta ló ń kà á fún àwọn ọ̀gá ilé ìwé? Àwọn ọmọ kan náà tí ẹ ní òkè léwu fún, ẹ̀yin lẹ máa ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú oòrùn láàárọ̀ títí di ọ̀sán nítorí pé àlejò ńlá ń bọ̀, kí wọ́n lè máa ju àsíá wẹ́wẹ́, ẹni tó dákú níbẹ̀ ẹ gbé e sábẹ́ igi. A ò rí sákúlà kankan lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí wa nínú, a ò ní parọ́, torí ohun tó rọrùn jù láti ṣe lẹ ṣe, ẹ ti géètì, ẹ lọ sílé.

Ohun tí a fẹ́ ò le. Kí wọ́n fagi lé ìdínà náà, kí wọ́n kọ òfin gidi dípò ẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ilé ìwé lè gun òkè dé ibi tí afinimọ̀nà àdúgbò bá ní kí wọ́n dé. Nígbà òjò, ìpele ìsàlẹ̀ nìkan, kí wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Àgbàlagbà kan fún ọmọ mẹ́wàá, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn (sílípáàsì ẹ fi wọ́n sílé o), kí wọ́n ka orí wọn nísàlẹ̀, kí wọ́n tún un kà lókè. Kí ọ̀gá ilé ìwé wo ojú ọjọ́ ti Ẹ̀fọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í ṣe ti Àkúrẹ́ nìkan, tí òjò bá wà níbẹ̀ kí bọ́ọ̀sì má gbéra. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó fún wákàtí kan, wákàtí kan péré, kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹni tó máa sanwó fún àwọn tó ń fọn fèrè. Owó tí wọ́n fi tẹ sákúlà yìí pín káàkiri ti tó ra fèrè tó máa yí òkè yẹn ká.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, àwa òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí ń lọ sí Ọlúmirìn, tí ojú ọjọ́ Ẹ̀fọ̀n bá gbà wá láyè. Bọ́ọ̀sì á gbéra l'Ọ́jà Ọba ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. A ti fi àyè méjì sílẹ̀ níwájú fún àwọn ọ̀gá tó fọwọ́ sí ìwé náà, owó ọkọ̀ wọn ti wà lọ́wọ́ wa. Kí wọ́n wọ bàtà tó dáa.