Guan Fu ma zuo: kì í ṣe Confucius ló sọ ọ́ o

Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́sèèjì kan ń lọ káàkiri pé Confucius, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà àtijọ́, ló sọ ọ̀rọ̀ Ṣáínà yìí, "Guan Fu ma zuo", pé ìjà ibi àsè ló ń jẹ́ kí ọ̀rẹ́ le. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé Guan Fu, ọ̀gágun Ṣáínà kan, bú àwọn tó jókòó. Níbi àsè ìgbéyàwó Tian Fen, olórí àwọn ìjòyè ọba, ni, 131 ṣáájú ìbí Jésù, Guan Fu gbé ọtí fún Tian Fen, ìyẹn lóun ò lè mu kún ife, ó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, onítọ̀hún ń sọ̀rọ̀ sétí ẹnìkejì, kò tiẹ̀ dìde, ni Guan Fu bá bú sí èébú. Wọ́n pa á, tòun tẹbí ẹ̀, ó mà ṣe o. Confucius sì ti kú láti 479 ṣáájú ìbí Jésù. Ẹ wo Shiji, ìwé ìtàn Ṣáínà àtijọ́ tí Sima Qian kọ, orí 107. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti rí tàkọ́kọ́.