Mílíìkì kọ́ ni ọmọ ológbò ń ké fún

Ẹ gbọ́ igbe ọmọ ológbò lábẹ́ ìsọ̀, ní òkè àjà, tàbí nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Ẹ yọjú wò ó, mẹ́ta ni wọ́n, ojú wọn ò tíì là. Kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa ṣe, ẹnìkan ti sáré lọ ra mílíìkì alágolo, ó ti dá a lu, ó ti bù ú sínú ìdérí kan, ó gbé e síwájú wọn. Àánú ló ṣe é. Àánú yẹn náà ló sì ń pa wọ́n. Nínú iṣẹ́ gbígba ọmọ ológbò tọ́, mílíìkì wà lókè lókè nínú ohun tí èèyàn rere fi ń ṣe ibi láìmọ̀.

Ìgbàgbọ́ pé mílíìkì ni oúnjẹ ológbò ò lè tètè kú, torí ó dà bíi pé ojú ń jẹ́rìí sí i. Gbé mílíìkì síwájú ológbò, á lá a tán, á tún lá ìdí abọ́. Ọ̀rá tó ń ta sánsán nínú rẹ̀ ló ń fà á. Ọmọdé náà á jẹ súìtì tán bí ẹ bá fún un, ẹnikẹ́ni ò ní tìtorí ìyẹn sọ pé súìtì ni oúnjẹ ọmọdé.

Wàrà màlúù kò jọ wàrà ìyá ológbò rárá. Nínú 100 ml wàrà màlúù, purotéènì kò ju gíráàmù 3 àti díẹ̀ lọ. Ti ìyá ológbò máa ń tó 7. Ọ̀rá tiẹ̀ náà pọ̀ ju ti màlúù lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ń mu wàrà màlúù fi lè mu títí ikùn á fi le, síbẹ̀ tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì máa yọ. Ti láktóòsì, ìyẹn ṣúgà inú wàrà, ló tún wá burú jù. Kí wọ́n tó dé mílíìkì mọ́ agolo, wọ́n ti fa omi tó ju ìdajì lọ kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà láktóòsì rẹ̀ á tó nǹkan bíi gíráàmù 10 nínú 100, ìlọ́po méjì ti wàrà tútù. Ìfun ọmọ ológbò ò lè da ìyẹn. Èyí tí kò bá dà á fa omi ara wọ inú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru á sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí gbogbo ara rẹ̀ ò ju gíráàmù 150 lọ, ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ kan tó láti gba ẹ̀mí rẹ̀.

Mílíìkì ọmọ ìkókó tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì ńkọ́? Òun náà kọ́. Wàrà ọmú èèyàn ni wọ́n fi ṣe àwòkọ rẹ̀, láktóòsì ibẹ̀ sì pọ̀, purotéènì rẹ̀ kéré. Òdìkejì ohun tí ọmọ ológbò ń wá gan-an nìyẹn.

Ká tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá, ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fò: ìyá wọn dà? Ológbò tó ń tọ́mọ gbọ́dọ̀ jáde lọ wá ohun tó máa jẹ, ó sì lè pẹ́ fún wákàtí mélòó kan. Ó tún máa ń kó àwọn ọmọ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fi ẹnu gbé wọn. Èyí tí ẹ bá òun nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lè jẹ́ èyí tó kù tó ń bọ̀ wá gbé. Bí ẹ bá gbé e lọ sílé ní àkókò yẹn, ẹ ti jí ọmọ ọlọ́mọ gbé.

Ẹ wo ọmọ náà dáadáa. Bí ara rẹ̀ bá mọ́, tí ikùn rẹ̀ rí roboto, tí ara rẹ̀ gbóná, tó sì ń sùn, ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Ẹ wọ́n yanrìn gbígbẹ tó kúnná yí ibẹ̀ ká, kí ẹ kúrò pátápátá, nítorí bí ẹ bá dúró ṣọ́ ọ, kò ní yọjú. Ẹ padà lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ẹ bá rí ojú ẹsẹ̀ ológbò lórí yanrìn, tàbí tí ọmọ kan ti dín, ìyá ti dé. (Àwọn kan máa ń lo fúláwà. Fúláwà á pe èèrà, bí ìjàlọ bá sì bá ọmọ tí ojú rẹ̀ ò tíì là, ọ̀rọ̀ ti parí.) Bí ibẹ̀ bá léwu, bóyá gọ́tà tí àgbàrá fẹ́ gbà tàbí abẹ́ mọ́tò tí wọ́n fẹ́ wà lọ, ẹ kó wọn sínú páálí tó ṣí lórí, kí ẹ gbé e síbi tó sún mọ́ ọn tí ìyá á fi máa gbọ́ ohùn wọn. Pé òórùn ọwọ́ èèyàn máa jẹ́ kí ìyá kọ ọmọ rẹ̀? Irọ́ ni. Ìyá ológbò kì í tìtorí ìyẹn kọ ọmọ.

Èyí tí kò ní ìyá mọ́ yàtọ̀. Ó dọ̀tí, ó tutù, ikùn rẹ̀ ti wọlé, ó ń ké láìdákẹ́, tàbí kó má lè ké mọ́, èyí tó burú jù. Irú èyí, ẹ má dúró wákàtí kankan.

Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́, ebi ló tẹ̀lé e. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan ò lè gbọ̀n láti fi mú ara rẹ̀ gbóná. Ooru ara rẹ̀ yẹ kó wà láàárín dígírì 35 sí 37. Ti àgbà ológbò jẹ́ 38 sí 39. Bí ó bá já wálẹ̀ tó nǹkan bíi 34, ìfun á dá iṣẹ́ dúró. Oúnjẹ tí ẹ bá fi sí i lẹ́nu nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ oúnjẹ tó dára jù láyé, á jókòó síbẹ̀, á kan, ikùn á wú, á pọ̀ ọ́ padà, á sì gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọmọ ṣe ń jẹun tán tó sì ń kú nìyẹn, tí ẹni tó fún un lóúnjẹ á máa sọ pé òun gbìyànjú.

Àwọn èèyàn á ní, "Òtútù wo ló wà nílẹ̀ wa níbí?" Ọmọ tí òjò oṣù kẹsàn-án pa lóru mọ́jú, tàbí tó sùn lórí sìmẹ́ńtì lásìkò ọyẹ́, tutù. Ẹ fi ìka yín kan inú ẹnu rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá tutù sí ìka yín, àsìkò oúnjẹ ò tíì tó.

Ìgò oníke tí wọ́n fi ń ta omi ti tó láti fi mú un gbóná. Ẹ rọ omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà sínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, torí ike á rún. Ẹ dé e pinpin, ẹ fi táwẹ̀lì wé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú páálí. Ẹ̀gbẹ́ kan péré, kí ọmọ lè wọ́ kúrò bí ooru bá pọ̀ jù fún un. Ẹ pààrọ̀ omi náà ní wákàtí méjì-méjì. Ìgò tó bá ti tutù, òun ni yóò máa fa ooru kúrò lára ọmọ. Ẹ jẹ́ kó gba wákàtí kan sí méjì kó tó gbóná, ẹ má fi ipá mú un. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, èéfín rẹ̀ á pa ọmọ, ó sì lè pa ẹ̀yin náà. Bí ọmọ bá rọ jọwọlọ, ẹ po gúlúkóòsì díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi ìka tọ́ ọ mọ́ èrìgì rẹ̀. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu.

Nígbà tó bá gbóná tán ni ẹ óò wá wo ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ìwọ́ bá ṣì so mọ́ ọn, kò tíì ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ojú máa ń là láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Bí etí bá ti dìde, tí eyín kéékèèké iwájú sì ti ń yọ, ó ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta. Èyí tó ti ń rìn dáadáa, tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ gbàgbé mílíìkì tiẹ̀ pátápátá: ẹja sísè tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, tí wọ́n rún múlọ́múlọ́, láìsí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà (májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ológbò), àti omi nínú àwo pẹlẹbẹ, ìyẹn á gbé e títí ẹ ó fi rí oúnjẹ ọmọ ológbò gidi rà.

Fún àwọn tó kéré sí ìyẹn, kò sí ohun tó dà bí ìyá ológbò mìíràn tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn á gba ọmọ àjèjì tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá súnmọ́ ti ọmọ wọn, pàápàá bí ẹ bá kọ́kọ́ fi aṣọ tí wọ́n sùn lé pa á lára. Bí kò bá sí, wàrà oníyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò, irú bíi KMR, ni kí ẹ wá: òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun kan sí omi méjì, kó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ìgbà tí ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ẹ ò rí i rà, ohun tí a fi ń di òru kan mú rèé: 120 ml mílíìkì alágolo tí kò ní ṣúgà, 120 ml omi tí a ti sè, pupa ẹyin tuntun méjì, òróró ṣíbí kékeré kan, kí ẹ pò ó, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹyin àti òróró ló ń gbé purotéènì àti ọ̀rá rẹ̀ sókè díẹ̀. Òru kan la wí. Láktóòsì ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọmọ tó wọn gíráàmù 100 nílò nǹkan bíi 25 ml lóòjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wákàtí méjì-méjì ni, tọ̀sán-tòru, nǹkan bíi 2 ml lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó lè di wákàtí mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́rin. Ẹ má fún un ju 4 ml lọ lẹ́ẹ̀kan fún gíráàmù 100 ara rẹ̀, torí ikùn rẹ̀ ò gbà jù bẹ́ẹ̀. Sírínjì kékeré láti kẹ́mísì ti tó, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọ nù. Orí fídà ọmọ èèyàn tóbi jù fún ẹnu rẹ̀.

Bí ẹ ṣe gbé e ló ṣe kókó jù lọ. Àwọn èèyàn máa ń dá a délẹ̀ bí ọmọ ìkókó, ojú rẹ̀ á kọjú sókè. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ jẹ́ kó dojú bolẹ̀, kí ikùn rẹ̀ wà lórí aṣọ, kí orí rẹ̀ wà bó ṣe máa wà bó bá ń mu ọmú. Ẹ máa kán an díẹ̀díẹ̀, kó máa gbé e mì fúnra rẹ̀. Bí wàrà bá jáde ní imú rẹ̀, ẹ dúró, ẹ dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ nù ún. Bí ó bá wá ń mí pẹ̀lú ariwo lọ́jọ́ kejì, òtútù àyà ló fẹ́ dà, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi ṣe é nílé. Dókítà ẹranko ló kàn. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta, fún àwọn tó wà nítòsí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, kò lè dá tọ̀, kò lè dá yàgbẹ́. Ìyá ló máa ń fi ahọ́n lá ìdí rẹ̀ títí yóò fi jáde. Ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ máa pa ibẹ̀ jẹ́jẹ́, nígbàkigbà tó bá jẹun, títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá fo èyí á rí ikùn tó le bí òkúta, á sì rò pé ọmọ ti yó.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, lórí ìwọ̀n kékeré tí àwọn alákàrà òyìnbó ń lò. Gíráàmù 10 sí 15 ló yẹ kó máa fi kún un lóòjọ́. Bí kò bá fi nǹkan kan kún un láàárín ọjọ́ kan, ẹ ṣọ́ra. Bí ó bá dín, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Eégbọn lè mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré tán débi pé èrìgì rẹ̀ á funfun. Ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ gbẹ ẹ́ kíákíá. Dettol, Izal, ọ̀tapiapia àti òògùn eégbọn ajá tí permethrin wà nínú rẹ̀, májèlé ni gbogbo wọn fún ológbò. Bí ológbò kankan bá gé yín jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn, torí àrùn dìgbòlugi.

Ìyá, bí ẹ bá rí i, ṣì wà níta. Ó lè lóyún mìíràn nígbà tó ṣì ń fọ́mọ lọ́mú, oyún náà ò sì ju nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 lọ. Àwọn abo inú ọmọ tí ẹ gbà tọ́ náà lè lóyún láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Bí àwọn ọmọ bá ti ń dá jẹun, ẹ fi ẹja tan ìyá wọ inú pańpẹ́ oníàpótí, kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́. Kó tó jí lójú oorun abẹ, ẹ ní kí wọ́n gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan díẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà tún mú un wá fún iṣẹ́ kan náà. Lẹ́yìn náà, ibi tí ẹ ti mú un ni kí ẹ dá a padà sí, nítorí bí ẹ bá kó o lọ síbòmíràn, ológbò mìíràn tí wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni yóò wá gba ibẹ̀.