Àtúnṣe: Ìṣẹ́jú kan kò tó fún omi láti kúrò lára epo rọ̀bì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ìṣẹ́jú kan ti tó fún àgbá separator láti ya gáàsì, epo àti omi sọ́tọ̀, àti pé iye gáàsì nìkan la fi ń mọ bí àgbá náà ṣe máa tóbi tó. Rárá o. Ti àgbá tó ń yọ gáàsì nìkan lẹ sọ yẹn.

Ìlànà API 12J, ti àjọ epo rọ̀bì ilẹ̀ Amẹ́ríkà (API), ní kí epo tó fúyẹ́ ju 35°API lọ (°API ni ìwọ̀n bí epo ṣe fúyẹ́ tó: bó bá ṣe ga tó ni epo ṣe fúyẹ́ tó) lo ìṣẹ́jú 3 sí 5 nínú àgbá tó ń ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Èyí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀, tó sì tutù dé nǹkan bíi 60°F, lè gbà tó 20 sí 30.

Ẹ wo ẹ̀kán omi kan nínú epo: bí fífẹ̀ rẹ̀ bá dín sí ìdajì, ìlọ́po mẹ́rin ni àkókò tó máa fi rì. Bí epo bá tún wá ki bí oyin ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú un gbóná, tí wọ́n sì ń fi kẹ́míkà tú èyí tó ti pò mọ́ omi.

Ògiri kúkúrú tún wà nínú àgbá náà, epo nìkan ló yẹ kó ré e kọjá. Bí omi bá kún dé orí rẹ̀, omi lẹ máa tà fún oníbàárà yín.