Ẹ̀kú Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Nílẹ̀ wa, èèwọ̀ ni kéèyàn dárúkọ ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú. Ní Hollywood, orúkọ ẹni náà gan-an ni wọ́n ń kọ gàdàgbà-gadagba sára pátákó. Ká sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí òun la fi rí àṣírí Zorro.

Zorro, ìyẹn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lédè Sípéènì, ọmọ Kalifóníà láyé ìgbà tí ibẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Sípéènì àti Mẹ́síkò, tí Amẹ́ríkà ò tíì gbà á. Akọni mẹ̀kúnnù nínú ìtàn àròsọ ni, aṣọ dúdú, ìbòjú dúdú. Johnston McCulley, ọmọ Illinois ní Amẹ́ríkà, ló fi ìwé ìròyìn bí i ní 1919. Ọdún kejì, Douglas Fairbanks, ọmọ Denver, ti gbé ẹ̀kú. Guy Williams gbé e lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1957. Ọmọ àwọn ará Ítálì, Armando Catalano lorúkọ àbísọ rẹ̀. Alain Delon gbé e ní 1975, Faransé ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Nígbà tó di 1998, wọ́n ní ẹ fọkàn balẹ̀, ẹni tó gbọ́ èdè náà ti dé: Antonio Banderas, ọmọ Málaga, ní Sípéènì tó jẹ gàba lé Mẹ́síkò lórí fún 300 ọdún. Anthony Hopkins ló ń kọ́ ọ ní idà, ará Wales ní Bìrìtéènì. Catherine Zeta-Jones lọmọ Hopkins nínú eré, ará Wales. Ó ní láti jẹ́ pé àdúgbò kan ní Mẹ́síkò ló ń jẹ́ Wales.

Àwọn kan ní Joaquín Murrieta ni wọ́n wò ṣe é, ará Sonora ní Mẹ́síkò tó wá wa góòlù ní Kalifóníà, tí wọ́n wá ń lé bí ọlọ́ṣà. Ìyẹn ò rí ẹ̀kú gbé ní tirẹ̀. Ní 1853, wọ́n gé orí kan tí wọ́n ní tirẹ̀ ni, wọ́n rì í sínú ìgò ọtí, wọ́n ń gbé e kiri ìlú. Dọ́là kan lowó ìwòran. Lónìí, ìbòjú ni wọ́n ń tà. Ọjà kan náà ni, wọ́n kàn yọ orí kúrò nínú rẹ̀ ni.

Ní 2006, àwọn aláwàdà Culture Clash, Látínò (àwọn tí ìran wọn wá láti Látìn Amẹ́ríkà) láti San Francisco, fi eré wọn, Zorro in Hell, da gbogbo rẹ̀ rú lórí ìtàgé ní Berkeley. Òǹkọ̀wé kan tí ò ka Zorro sí lọ wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì, ó bá obìnrin ẹni 200 ọdún pàdé, àti béárì kan. Béárì yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: òun ni wọ́n yà sára àsíá Kalifóníà, tí wọ́n sì ń yìnbọn fún títí irú rẹ̀ fi tán níbẹ̀.

Lálẹ́ Halloween, ọmọ aládùúgbò á wọ ìbòjú Zorro, á kanlẹ̀kùn, wọ́n á kó súìtì fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá tó ń gé koríko wọn, ará Mẹ́síkò gidi, á kan ilẹ̀kùn kan náà láti gbowó iṣẹ́. Wọ́n á ní kó kọ́kọ́ mú ìwé ìgbélùú rẹ̀ wá.