Ta ló sọ pé Òyìnbó ti kó gbogbo orí idẹ Ifẹ̀ lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú ni. Ẹnìkan á béèrè pé òun ń bọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kí ni òun lè wò? Kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn á fi dáhùn pé: "Kí ló kù níbẹ̀? Òyìnbó ti kó gbogbo ère wọn lọ sí London. Ẹ ya fọ́tò nídìí Ọ̀pá Ọ̀rányàn, kí ẹ kọjá sí Òṣogbo." Àwọn ọmọ Ifẹ̀ gan-an wà lára àwọn tó ń sọ ọ́. Irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ Benin ni wọ́n gbé wá sí Ifẹ̀. Ní 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya wọ Benin, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère lọ. Ogun bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn orí idẹ Ifẹ̀, ìyẹn ère orí ènìyàn tí wọ́n fi idẹ dà, wà nígbà yẹn. Ọdún 1938 ni àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, kàn wọ́n, wọ́n sì ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀kan nínú wọn ló wà ní British Museum. Ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, ra méjì, ó sì dá wọn padà sí Nàìjíríà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù kò kúrò nílẹ̀ yìí. Lóòótọ́, Frobenius ará Jámánì kó orí amọ̀ mélòó kan lọ ní 1910, àwọn ère kan sì wà ní mùsíọ́mù Èkó. Ìyẹn kò sọ Ifẹ̀ di òfìfo.

Mùsíọ́mù Ifẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1954, wà ní Ẹnuwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ẹ má kàn gba iwájú àwọn ère kọjá. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè èwo ni ojúlówó, èwo ni àwòkọ. Ẹ wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́: àwọn orí kan ní ìlà tóóró láti iwájú orí dé àgbọ̀n, àwọn kan ní ihò wẹ́wẹ́ yí ẹnu ká. Bí wọ́n ṣe dà wọ́n nìyí: wọ́n á fi amọ̀ mọ inú orí, wọ́n á fi ìda oyin bò ó, ara ìda ni wọ́n á ti fín ojú àti ìlà, wọ́n á wá fi amọ̀ mìíràn bo gbogbo rẹ̀. Iná á yọ́ ìda jáde, idẹ yíyọ́ á gba àyè rẹ̀. Bí idẹ bá tutù kó tó kárí, ihò á kù lára orí. Àwọn kan nínú orí wọ̀nyí jẹ́ bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù, bàbà kì í sì í yọ́ àfi kí iná dé nǹkan bí 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kì í ṣàn geere bí idẹ, atẹ́gùn sì máa ń há sínú rẹ̀. Ẹni tó dà á mọṣẹ́.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lè dì sínú àpótí ni ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ kì í tẹ́ àpáàdì sílẹ̀ gbalaja. Ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé dúró, wọ́n á tò ó ṣinṣin sínú ilẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nígbà mìíràn bí egungun ẹja, pẹ̀lú òkúta funfun wẹ́wẹ́ láàárín. Àpáàdì tó bá sùn lélẹ̀ á fọ́ bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tó dúró ń gbé ẹrù, kì í sì í di ẹrẹ̀. Ìtàn sọ pé Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀. Ó ti lé ní 500 ọdún. Ìtá Yemòó, lọ́nà Iléṣà, ni kí ẹ ti lọ wò ó. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti hú ère ọba tó dúró lódindi jáde, tí gíga rẹ̀ kò tó ìdajì mítà. Àṣìṣe àwọn àlejò ni pé òkè ni wọ́n ń wò. Ilẹ̀ ni kí ẹ wò, pàápàá níbi tí ọ̀gbàrá ti wọ́ erùpẹ̀ lọ.

Sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì, ńkọ́? Ní Igbó Olókun, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Èròjà gíláàsì náà yàtọ̀ sí ti òkè òkun: Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é.

Ọ̀pá Ọ̀rányàn kò gbà ju ìṣẹ́jú ogún lọ: òkúta tó ga tó mítà 5.5, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́. Ẹ débẹ̀ lẹ́yìn mùsíọ́mù, kí ẹ tó kọjá sí Ìtá Yemòó. Ọ̀sán ni kí ẹ fi wọ ọgbà OAU (yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀), nítorí àwọn ilé tí Arieh Sharon yàwòrán wọn níbẹ̀ gbòòrò lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, òkè ń ṣíji bo ìsàlẹ̀, òjò kì í sì í fẹ́ wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò níbi ojúbọ. Ẹ mú owó ṣẹ́ńjì dání. Tí ẹ bá wá lásìkò ọdún Ọlọ́jọ́, ní ìparí Sẹ́tẹ́ńbà sí Ọ́któbà, Adé Àrè tí Ọọ̀ni ń dé ni kí ẹ wá wò. Èrò Ẹnuwá kò ní jẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo mùsíọ́mù, ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì.